Aláàárù Inú Ẹ̀jẹ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín lórí Họ́mọ́nù, Oyún àti Preeclampsia

Èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé fún wa lóṣù yìí ló dá lé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Aboyún gba ìwé lọ́wọ́ ilé àyẹ̀wò, ó rí nọ́ńbà tó ga ju ààlà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, àyà rẹ̀ já. A kó àwọn tó jọra jọ, a sì dáhùn wọn níbi kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́lọ́wọ́, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Ìbéèrè: Oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 18. Wọ́n yẹ T4 mi wò, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ó jẹ́ 190 nmol/L. Ìwé sọ pé kò gbọdọ̀ ju 150 lọ. Mi ò rù, àyà mi kì í lù kìkì, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Ṣé gẹ̀gẹ̀ ló ń bọ̀ ni?

Ìdáhùn: Kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. T4 ni họ́mọ́nù tí ẹṣẹ́ táírọ́ọ̀dù tó wà lọ́rùn ń tú jáde. Kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, aláàárù ló ń gbé e. Ọ̀gá nínú àwọn aláàárù náà ni purotéènì kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TBG. Nínú 10,000 ẹyọ T4, nǹkan bí 2 tàbí 3 péré ló wà lórí ẹsẹ̀ ara wọn. Àwọn péréte yìí nìkan ló lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ ṣiṣẹ́. Èyí tó ṣì wà lórí aláàárù, ẹrù ni, kò tíì di iṣẹ́.

Bí oyún bá ti dé, estrogen, ìyẹn họ́mọ́nù obìnrin, a máa pọ̀ sí i. Estrogen yìí a mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe TBG tí ṣúgà ara rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara kì í sì í tètè gbá irú TBG bẹ́ẹ̀ dànù. Nígbà tí oyún bá fi wọ ọ̀sẹ̀ 16 sí 20, TBG ti di ìlọ́po 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Aláàárù pọ̀, ẹrù orí wọn náà pọ̀, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìwé yín ka ẹrù tó wà lórí, kò ka èyí tó ti balẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe ṣírò rẹ̀ nìyí: láti ọ̀sẹ̀ 16 lọ, ẹ mú ààlà òkè tí wọ́n kọ fún ẹni tí kò lóyún, kí ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un. 150 a di 225. 190 yín wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ wo TSH tó wà nínú ìwé kan náà, ìyẹn họ́mọ́nù tó ń pàṣẹ fún ẹṣẹ́ táírọ́ọ̀dù. Bí TSH bá wà láàárín ààlà tí ilé àyẹ̀wò yẹn fi sílẹ̀ fún ìdá oyún tí ẹ wà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ mọ̀ pé nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, TSH máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí hCG, họ́mọ́nù tó ń jẹ́ kí àyẹ̀wò oyún fara hàn, a máa kan ilẹ̀kùn TSH lára ẹṣẹ́ náà.

Kí ni ká wá sọ nípa FT4, ìyẹn T4 tó ti balẹ̀? Ó yẹ kó jẹ́ òun ni ìdáhùn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló máa ń ṣi ìwọ̀n rẹ̀ mú lára aboyún, nítorí TBG pọ̀, albumin, purotéènì ẹ̀jẹ̀ mìíràn tó ń bá a gbé T4, sì dín kù. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á gbọ́, ẹ bi ilé àyẹ̀wò bóyá wọ́n ní ààlà ti aboyún fún ẹ̀rọ wọn. Bí wọn ò bá ní, T4 àpapọ̀ tí ẹ fi ìdajì kún ààlà rẹ̀ ṣeé fọkàn tán jù ú lọ. Àmì tó yẹ kó gbé yín lọ bá dókítà ni kí ọkàn máa lù ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ máa rù nígbà tó yẹ kí ẹ máa sanra, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, tàbí kí ẹyinjú máa yọ síta.

Ìbéèrè: Mo ti ń lo levothyroxine, oògùn tó ń rọ́pò T4, kí n tó lóyún. Ṣé kí n dá a dúró nítorí ọmọ?

Ìdáhùn: Ẹ má dá a dúró, kódà fún ọjọ́ kan. Àwọn aláàárù tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ di ẹrù lé wọn lórí. Ẹṣẹ́ táírọ́ọ̀dù tó dá pé a máa ṣe é fúnra rẹ̀, tiyín kò lè ṣe é, oògùn ló ń bá a ṣe é. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n oògùn fi máa ń lọ sókè ní ìdá 25 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, láti bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 oyún, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì dé ọ̀dọ̀ dókítà rárá. Ọjọ́ tí àyẹ̀wò oyún bá ti fara hàn, ẹ fi oògùn 2 kún ti ọ̀sẹ̀: 9 dípò 7. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá lọ rí dókítà, kí wọ́n sì máa yẹ TSH wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin títí oyún yóò fi dé ìdajì.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú àti kálísíọ̀mù tí wọ́n ń fún aboyún. Wọ́n máa ń so mọ́ levothyroxine nínú ikùn, kò sì ní lè wọ ara. Ẹ jẹ́ kí wákàtí 4 wà láàárín wọn. Lẹ́yìn ìbímọ, ẹ padà sí ìwọ̀n àtijọ́, kí wọ́n sì yẹ TSH wò ní ọ̀sẹ̀ 6.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi wà ní oṣù keje. Cortisol rẹ̀ ti àárọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí ìwé kọ. Wọ́n ní họ́mọ́nù ìdààmú ọkàn ni. Ṣé èmi ni mò ń dà á láàmú?

Ìdáhùn: Bàbá ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Cortisol náà ní aláàárù tirẹ̀, CBG, estrogen sì máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po 2 sí 3 nínú oyún. Èyí tó wà lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ náà máa ń gòkè díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibi ọmọ ń fi CRH, họ́mọ́nù tó ń ti cortisol jáde, ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Gbogbo rẹ̀ ló bá oyún mu.

Iṣẹ́ CBG yà wá lẹ́nu gan-an. Bíi pàkúté tí a ti kẹ́ ni wọ́n ṣe mọ ọ́n. Ó ní ìkọ́ kan tó yọ síta lórí rẹ̀. Níbi tí ara bá ti wú tó sì ń gbóná, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ a tú elastase, èròjà kan tó ń gé purotéènì, jáde. Elastase a gé ìkọ́ náà, pàkúté a ré, CBG a sì ju cortisol sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an, níbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀ láti pẹ̀tù sí wíwú náà. Ibà náà máa ń tú ọwọ́ rẹ̀: bí ara bá ti gbóná kọjá 37 °C lọ sí 39 tàbí 40, CBG kì í lè di cortisol mú pinpin mọ́. TBG náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fojú kéré ibà aboyún, ẹ wá ohun tó fà á, ẹ sì jẹ́ kó wálẹ̀.

Ní ti preeclampsia, àìsàn oyún tó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè tó sì lè ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, cortisol àpapọ̀ tó ga kì í ṣe àmì rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2007 tilẹ̀ rí i pé CBG àti cortisol àwọn tó ní àìsàn yìí kéré sí ti àwọn aboyún tí ara wọn le. Bí dókítà bá ń fura sí àìsàn cortisol lóòótọ́, nítorí ìlà elésèé àlùkò tó fẹ̀ níkùn, ara tó ń tètè sẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ, àti itan tí kò lágbára mọ́, itọ́ ẹnu tí wọ́n gbà lóru ló dára jù, torí cortisol tó ti balẹ̀ nìkan ló ń dé inú itọ́.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mí. Kí ló dé tí SHBG aboyún fi ń ga tó bẹ́ẹ̀? Ṣé a lè fi mọ ẹni tí yóò ní preeclampsia?

Ìdáhùn: SHBG, aláàárù họ́mọ́nù ọkùnrin àti ti obìnrin, máa ń di ìlọ́po 5 sí 10. Testosterone, họ́mọ́nù ọkùnrin, wà lára ohun tó ń dì mú pinpin, bó ṣe ń dáàbò bo ìyá nìyẹn, kí testosterone tó ń pọ̀ sí i nínú oyún má baà hu irùngbọ̀n sí i. Ibi ọmọ ń ràn án lọ́wọ́, ó ń sọ testosterone di estrogen. Insulin tó bá pọ̀ jù a máa dín SHBG kù láti inú ẹ̀dọ̀, ìdí nìyí tí SHBG tó kéré ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ fi bá àtọ̀gbẹ inú oyún rìn, wọ́n sì ti rí i lára àwọn kan tó padà ní preeclampsia. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àwọn tó ṣàìsàn àti ti àwọn tí kò ṣe wọnú ara wọn jù, a kò lè fi òun nìkan dájọ́. Bí ẹ bá ń kọ èsì testosterone aboyún, ẹ kọ iye ọ̀sẹ̀ oyún sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́ńbà náà á ṣi ẹni tó ń kà á lọ́nà.

Ìbéèrè: Mo ní preeclampsia nínú oyún àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ 33 ni wọ́n gbẹ̀bí mi. Mo tún ti lóyún, ọ̀sẹ̀ 10 ni. Mo gbọ́ pé purotéènì ẹ̀jẹ̀ kan ló ń yí ìrísí padà tó fi ń fà á, pé fítámì C àti E kò ní jẹ́ kó yí padà. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Apá kìíní ní òótọ́ nínú. Apá kejì kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Angiotensinogen ni purotéènì náà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, estrogen ló ń mú kó pọ̀ nínú oyún. Ìbátan TBG àti CBG ni, inú ẹbí kan tí wọ́n ń pè ní serpin ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé kò gbé họ́mọ́nù rù, ara rẹ̀ gan-an ni họ́mọ́nù ti ń jáde. Renin, èròjà tó ń gé purotéènì, tó ń ti kíndìnrín wá, a gé amino acid 10, ìyẹn ẹyọ tí wọ́n fi ń to purotéènì, kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. ACE, agégé mìíràn, a tún gé 2 kúrò nínú 10 yẹn. Mẹ́jọ tó kù ni angiotensin II, èyí tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ tó sì ń dá iyọ̀ dúró sínú ara.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Cambridge àti Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ iṣẹ́ wọn jáde nínú Nature. Wọ́n rí i pé ibi tí renin ti ń gé e fara pamọ́ sínú purotéènì náà, àti pé imí-ọjọ́ méjì tó wà lára rẹ̀ ń ṣe bí ìkọ́ ilẹ̀kùn. Bí ìkọ́ náà bá tú, ibẹ̀ fara pamọ́ dáadáa. Bí àwọn èròjà afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ń jẹ ara bá pọ̀, imí-ọjọ́ méjèèjì a so pọ̀, ìrísí a yí, renin a sì tètè rí ọ̀nà gbà wọlé. Lára ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ dára, nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni èyí tó fara pamọ́, 60 ni èyí tó so. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ní preeclampsia, èyí tó so, tó rọrùn láti gé, pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ má gbàgbé pé iye angiotensin II nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Lára aboyún tó ní àlàáfíà, ó pọ̀ ju ti ẹni tí kò lóyún lọ, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ a kọ etí ikún sí i. Nínú preeclampsia, ó lè má tó ti aboyún tí ara rẹ̀ le, síbẹ̀ bó bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, iṣan á gbọ́, á sì fún pọ̀.

Bí ẹni bá wá rò pé fítámì tó ń bá èròjà ọ́síjìn jà á tún un ṣe, ìrònú náà bọ́gbọ́n mu, wọ́n sì dán an wò. Nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2006 ní Bìrìtìkó, wọ́n fún àwọn obìnrin tó wà nínú ewu ní fítámì C 1,000 mg àti fítámì E 400 IU lójoojúmọ́. Preeclampsia kò dín kù, àwọn ọmọ tí wọ́n bí tí kò tẹ̀wọ̀n ló wá pọ̀ sí i. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni aspirin kékeré, 75 sí 150 mg lálaalẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 12 sí 16, kí ẹ dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ 36. Nínú ìwádìí 2017 tí wọ́n fi 150 mg ṣe, preeclampsia tó ń múni bímọ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37 já láti 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún sí 1.6. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀, má jẹ̀ẹ́ kó di ìgbà tí ìfúnpá bá gòkè. Nígbà náà, ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, kò gbọdọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà gbà á láàyè. Bí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ yín bá kéré, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún máa lo 1.5 sí 2 g lójúmọ́, kí wọ́n pín in sí ìgbà mẹ́ta.

Ó ku ẹyọ kan tó ṣe pàtàkì gan-an: bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí orúkọ rẹ̀ parí sí “-pril” tàbí “-sartan”, ẹ pe dókítà yín lónìí. Wọ́n ń dí ọ̀nà angiotensin yìí kan náà, kíndìnrín ọmọ inú sì nílò rẹ̀ láti dàgbà. Labetalol, nifedipine tàbí methyldopa ni wọ́n máa ń fi rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ 31 ni oyún mi, ìfúnpá mi jẹ́ 142/92. Wọ́n yẹ sFlt-1/PlGF wò, ó jẹ́ 25, wọ́n sì ní kí n máa lọ sílé. Ṣé wọn kò fi mí ṣeré?

Ìdáhùn: Bí wọ́n bá yẹ ìtọ̀ yín wò, tí wọ́n sì dá ọjọ́ ìpadàbọ̀ fún yín, wọn kò fi yín ṣeré.

Ibi ọmọ ló ń ṣe PlGF, òun àti ìbátan rẹ̀, VEGF, ni wọ́n ń tọ́jú inú iṣan ẹ̀jẹ̀ àti asẹ́ kíndìnrín ìyá. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ni Flt-1. sFlt-1 ni ilẹ̀kùn tó ti já kúrò lára ògiri, tó ń léfòó kiri nínú ẹ̀jẹ̀. PlGF á rò pé òun ti dé ilé, á so mọ́ ọn, ibẹ̀ ló sì máa há sí. Angiotensinogen ń tètè tú ohun tó yẹ kó dì mú sílẹ̀. sFlt-1 ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ohun tó bá dì mú lọ mọ́. Lójú tiwa, inú àṣejù méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ìyà preeclampsia ti ń wá. Ní 2003, wọ́n fún àwọn eku ní sFlt-1 láti ìta. Ìfúnpá wọn gòkè, purotéènì sì jáde nínú ìtọ̀ wọn, àní àwọn tí kò lóyún pàápàá.

Lára àwọn tó máa ní preeclampsia, sFlt-1 máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 ṣáájú kí àìsàn tó fara hàn, PlGF á sì máa wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pípín ọ̀kan sí èkejì fi wúlò. Fún aboyún ọ̀sẹ̀ 24 sí 36 tí wọ́n ń fura sí, bí nọ́ńbà náà kò bá ju 38 lọ, ó lé ní 99 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò ní í ní preeclampsia láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo sọ o. 25 yín kì í ṣe ìlérí títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Bó bá ju 38 lọ, ẹni bẹ́ẹ̀ nílò àmójútó tó súnmọ́, ṣùgbọ́n kò tíì túmọ̀ sí pé àìsàn ti dé. Ní Amẹ́ríkà, 40 ni wọ́n fi ṣe ààlà nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí irú àyẹ̀wò yìí ní 2023. Ẹ má fi nọ́ńbà ẹ̀rọ kan wé ti ẹ̀rọ mìíràn. Oyún ìbejì a máa gbé sFlt-1 sókè, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ oyún tí a bá ṣì kà á ba ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́.

142/92 yẹn ṣì ń dúró de ìdáhùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n, ó kéré tán lẹ́yìn wákàtí 4. Ẹ bèèrè iye purotéènì inú ìtọ̀ (300 mg ní wákàtí 24 ni ààlà), iye platelet, sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá (kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ 100,000), creatinine, tó ń fi ipò kíndìnrín hàn, àti enzyme ẹ̀dọ̀. Bí ìfúnpá bá dúró sí 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí sì bàjẹ́, preeclampsia ni, ohun yòówù kí sFlt-1 sọ.

Ìbéèrè: Báwo ni kí n ṣe máa wọn ìfúnpá nílé, ìgbà wo ni kí n sáré lọ sí ilé ìwòsàn?

Ìdáhùn: Ẹ tọ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, ẹ má ká ẹsẹ̀ léra. Awọ apá ni kí ẹ dì í mọ́, kì í ṣe orí aṣọ, kí apá náà sì wà ní ọ̀gangan ọkàn lórí tábìlì. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí ohun tí wọ́n ń dì mọ́ apá bá kéré jù fún apá tó sanra, nọ́ńbà tó ga ju òótọ́ lọ ló máa sọ. Ẹ̀rọ míì wà tó jẹ́ pé nínú preeclampsia, èyí tó kéré ju òótọ́ lọ ló ń sọ, nítorí náà ẹ ra èyí tí wọ́n ti dán wò fún aboyún.

140/90: ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. 160/110: ẹ má pe ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ gbéra. Bákan náà bí orí bá ń fọ́ tí paracetamol kò ràn án, bí ojú bá ń rí mọ̀nàmọ́ná, bí abẹ́ ìhà ọ̀tún bá ń dunni, bí èémí bá ń há, tàbí bí ojú àti ọwọ́ bá wú lójijì. Ẹsẹ̀ wíwú nìkan wọ́pọ̀ nínú oyún. Nílé ìwòsàn, wọ́n lè fa magnesium sulphate sí yín lára: 4 g lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 1 g ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 24. Ó ń dín gìrì aboyún kù ju ìdajì lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá ń fi òòlù kékeré kan orúnkún yín, tó ń ka èémí yín, tó sì ń wọn ìtọ̀ yín, ó ń wò ó bóyá oògùn náà ti pọ̀ jù lára ni.

Ìgbà tí ibi ọmọ bá jáde ni àìsàn yìí ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ṣùgbọ́n kì í lọ lọ́jọ́ kan. Láàárín ọjọ́ 3 sí 6 lẹ́yìn ìbímọ ni ìfúnpá máa ń ga jù, ó sì lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà títí di ọ̀sẹ̀ 6, kódà lára ẹni tí kò ní in nígbà oyún. Ẹ má dá wíwọ̀n rẹ̀ dúró. Bí ẹ bá sì ní láti sáré padà lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, torí kò sí ikùn mọ́ tí ẹni tó gbà yín lálejò yóò fi mọ̀.